Kọfí Tí Ilpo Dá Padà

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kọkànlá, ọdún 2015, obìnrin kan ní ọ́fíìsì àwọn tó ń wáṣẹ́ bi Ilpo Kärnä léèrè ohun tó ń fi ojúmọ́ rẹ̀ ṣe. Ilpo dá a lóhùn pé òun kì í jókòó. Òótọ́ pọ́ńbélé ló sọ, òótọ́ yẹn ló sì kó bá a.

Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni. Láti ìgbà tó ti kúrò nínú iṣẹ́ ológun nígbà èwe ló ti wà ní ilé iṣẹ́ pépà tó wà létí omi ní Kuorelahti, nídìí ẹ̀rọ kan ṣoṣo, ẹ̀rọ tó gùn tó òpópónà kan. Nígbà tí àwọn tó ni ilé iṣẹ́ náà tì í pa, àwọn ará Indonesia ra ẹ̀rọ ọ̀hún. Wọ́n tú u sí wẹ́wẹ́, wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó o lọ. Ìgbà tí wọ́n tò ó tán lọ́hùn-ún, tí pépà ń já lẹ́nu rẹ̀ tọ̀sán-tòru, ni wọ́n tó rí i pé ẹ̀rọ nìkan làwọn rà, àwọn ò ra ẹni tó mọ ìṣe rẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ sí Ilpo. Iṣẹ́ oṣù mẹ́rin ni. Wọn ò ní gbà á bí òṣìṣẹ́. Kí ó lọ fi orúkọ iṣẹ́ ti ara rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ni, kí ó wá ṣe olùdámọ̀ràn fún àwọn. Ilpo fi orúkọ sílẹ̀, ó wọ bàálù, ó lọ dúró ti ẹ̀rọ rẹ̀ nínú ooru tí kò rí irú rẹ̀ rí àfi nínú sáúnà, ilé ìwẹ̀ olóoru wọn. Ó ń fi ìka tọ́ka, ẹlòmíràn ń bá a túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Nígbà tó fi padà dé, ewé igi ti pọ́n, iṣẹ́ ti tán. Ó wá lọ béèrè owó ìrànwọ́ aláìníṣẹ́ tó ti ń gbà kó tó lọ.

Owó yẹn ni yóò gbé òun àti Marjut, ìyàwó rẹ̀, dé ọdún ìfẹ̀yìntì. Bí kò bá wọlé, wọn yóò ta ilé wọn, wọn yóò kó lọ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin wọn ní Tampere, sínú yàrá kan ní àjà kẹfà. Ilpo ti dé ibẹ̀ rí. Ó wo yàrá náà yíká, kò rí ohun kan tó bàjẹ́ níbẹ̀ tí òun lè tún ṣe, ẹ̀rù sì bà á.

Henriikka lorúkọ obìnrin ọ́fíìsì náà. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, “ìwọ” ló sì ń pè é, bí àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ṣe ń pe gbogbo èèyàn.

“Látìgbà tó o ti dé, kí lo ń ṣe?”

“Mi ò jókòó o.”

“Mo gbọ́. Kí lo wá ń ṣe?”

Ní Kuorelahti, ọkùnrin tí wọ́n bá rí lójú fèrèsé lọ́sàn-án, tó káwọ́ lẹ́rán, wọ́n á sọ̀rọ̀ rẹ̀ dé ìdílé ìyá rẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ pépà kọ́kọ́ tì pa, àwọn kan wà tí wọ́n ń gbé abọ́ oúnjẹ jáde láàárọ̀, tí wọ́n ń lọ jókòó sórí ìtì igi nínú igbó, tí wọ́n ń padà sílé láago mẹ́rin bí ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé. Ilpo mọ̀ wọ́n. Ó ti jókòó tì wọ́n rí. Nítorí náà, nígbà tí ọmọdébìnrin yìí bi í, ó na ẹ̀yìn rẹ̀ gbọọrọ, ó sì kà á fún un.

“Mo tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi Taisto ṣe. Mo kan páànù tó ń gba omi òjò sí etí òrùlé opó kan, Alli. Pọ́ńpù sáúnà abúlé, èmi ni mò ń tọ́jú rẹ̀. Iná orí pápá ìṣeré abúlé, èmi ni mo so ó. Wọ́n ń pè mí ṣáá ni.”

“Bíi wákàtí mélòó lọ́sẹ̀?”

“Ojoojúmọ́ ni. Bí ìgbà tí mo wà nílé iṣẹ́ gan-an.”

“Ṣé wọ́n ń sanwó?”

“Owó kẹ̀! Kọfí ni.”

“Kọfí?”

“Pákẹ́ẹ̀tì kọfí. Béèyàn bá bá ẹ tún nǹkan ṣe, ṣé o máa jẹ́ kó lọ lọ́wọ́ òfo? Ìwọ náà kúkú mọ̀.”

Henriikka mọ̀. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ ò dúró lórí kọ̀ǹpútà.

“Orúkọ iṣẹ́ tó o fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ńkọ́?”

“Ó wà níbẹ̀. Àwọn ará Indonesia ní àwọn lè tún pè mí.”

Ilpo jáde níbẹ̀ pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn. Ó ti gbé mọ́tò rẹ̀ sí ẹ̀yìn ilé ìkàwé kí ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ ọ́n má baà rí i níwájú ọ́fíìsì ọ̀hún, ó sì ń súfèé bó ti ń padà síbẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé ọmọ yẹn ò ní lè pe òun lọ́lẹ.

Nígbà tí èsì dé, Marjut ló kọ́kọ́ kà á. Ó kà á tán lórí ìdúró, ó tún un kà lórí ìjókòó. Wọ́n ní owó náà kò ṣeé san, nítorí pé Ilpo kì í ṣe aláìníṣẹ́. Wọ́n ní ẹni tó dá iṣẹ́ ti ara rẹ̀ sílẹ̀ ni, tí iṣẹ́ náà ń gba gbogbo àkókò rẹ̀.

“Kí lo sọ fún wọn?”

“Òótọ́ ni mo sọ.”

“Òótọ́ wo? O ní ojoojúmọ́ lo ń ṣiṣẹ́?”

“Mo ń ṣiṣẹ́ ni.”

“Fún ta ni?”

“Fún Taisto. Fún Alli. Fún sáúnà.”

“Taisto!” Marjut ju lẹ́tà náà sórí tábìlì. “Taisto tí kò tíì san owó eyín tó wà lẹ́nu ara rẹ̀! Bàbá àgbà yìí, ká ní wọ́n bi ẹ́ bóyá ebi ń pa ẹ́, ṣé wàá ní o ti yó kójú má baà tì ẹ́ ni?”

Ilpo dìde. Ó lọ wo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn bóyá ó ń ké. Kò ké. Ó tú ìdè rẹ̀, ó fi òróró sí i, ó tún un dè.

Ní ọjọ́ kejì ó fóònù Henriikka. Ó dúró bó ti ń sọ̀rọ̀, ó ń rìn láti ẹnu ààrò dé ẹnu fèrèsé, láti ẹnu fèrèsé dé ẹnu ààrò.

“Ọ̀wẹ̀ ni mò ń bá wọn ṣe,” ló wí.

“Ọ̀wẹ̀ ò burú. Kí gbogbo abúlé jọ kun ilé ìpàdé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí wọ́n jẹ ọbẹ̀, kí kálukú lọ sílé. Ṣùgbọ́n ìwọ lo sọ pé ojoojúmọ́ ni, bíi nílé iṣẹ́.”

“Mo sọ bẹ́ẹ̀.”

“Iṣẹ́ tí àwọn ẹlòmíràn ń gbowó fún, o ń ṣe é fún oríṣiríṣi èèyàn, orúkọ iṣẹ́ rẹ ṣì wà nílẹ̀. O sì sọ nípa kọfí.”

“O bi mí ni.”

“Mo bi ẹ́ lóòótọ́.” Ohùn rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. “Gbọ́, Ilpo. Pa orúkọ iṣẹ́ yẹn rẹ́. Kí o fọwọ́ sí i pé o ti ṣíwọ́. A máa tún un gbé yẹ̀ wò. Bó o bá tún bẹ̀rẹ̀, kí o jẹ́ ká mọ̀.”

Ọjọ́bọ̀ ni, Marjut sì ń po ọbẹ̀ ẹ̀wà lórí iná bí ti gbogbo Ọjọ́bọ̀. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

“Fọwọ́ sí i,” ó ní. “Bílẹ̀ bá ti ṣú, kí o lọ bá wọn tún pọ́ńpù wọn ṣe. Ta ló máa rí ẹ?”

“Bí mo bá ti fọwọ́ sí i pé mo ti ṣíwọ́, mo ti ṣíwọ́ nìyẹn.”

“Lásìkò òtútù yìí, aago mẹ́ta ọ̀sán nilẹ̀ ń ṣú!”

“Èmi ni mo fọwọ́ sí i, kì í ṣe oòrùn.”

Marjut wò ó. Ó ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti ń jó ní gbọ̀ngàn àwọn òṣìṣẹ́. Ó bu ọbẹ̀ fún un.

Ilpo pa orúkọ iṣẹ́ rẹ́, ó sì fọwọ́ sí i. Láti ọjọ́ yẹn lara rẹ̀ ò ti balẹ̀ mọ́. Ó la igi ìdáná tí yóò tó wọn dé ìgbà ooru. Nígbà tó là á tán, ó tún àwọn tó ti là là sí méjì, títí igi náà fi tín-ín-rín bí ìka. Ó pọ́n ọ̀bẹ ilé títí Marjut fi ge ara rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tó ń gé búrẹ́dì. Bó bá jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa lù nílẹ̀. Bó bá dìde, kò mọ ibi tí yóò lọ. Lóru, ọwọ́ rẹ̀ ń yí nǹkan lórí aṣọ ìbora, Marjut á gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé e títí yóò fi dúró.

Ó lè ṣàlàyé fún àwọn ará abúlé. Ohun tí kò lè ṣe gan-an nìyẹn. Gbogbo Kuorelahti gbà pé owó rẹpẹtẹ ló kó bọ̀ láti Indonesia. Nígbà tó dé, Alli bi í bóyá abọ́ wúrà ni wọ́n fi bu oúnjẹ fún un, ó rẹ́rìn-ín, kò sọ pé rárá. Taisto sọ ọ́ ní Ọ̀gá Olùdámọ̀ràn, ó sì ń jẹ́ ẹ. Báwo ni yóò ṣe wá sọ fún wọn pé òun ń dúró de owó ìjọba, àti pé nítorí owó yẹn ni òun ò ṣe lè di sípánà mú?

Taisto ló kọ́kọ́ wá. Kírénì, ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù sókè, ni Taisto ń wà nílé iṣẹ́ pépà tẹ́lẹ̀; ní báyìí òun ni olórí ẹgbẹ́ tó ń bójú tó sáúnà abúlé. Ó gbọn yìnyín kúrò lára bàtà rẹ̀, ó jókòó láìjẹ́ pé wọ́n ní kó jókòó.

“Ọ̀gá Olùdámọ̀ràn! Pọ́ńpù yẹn ń ké o. Ó ń ké bí ìyá ìyàwó mi. Wá gbọ́ ohun tó ń sọ.”

“Mi ò ní lè wá, Taisto.”

“Ṣé ara rẹ ò yá ni?”

“Ara mi le.”

“Lọ́la ńkọ́?”

“Lọ́la náà, mi ò ní lè wá.”

Taisto wo Marjut. Marjut ń nu tábìlì tó ti mọ́. Taisto tún wo Ilpo, ó wá ki ọwọ́ sínú àpò ẹ̀wù rẹ̀, ó fa pákẹ́ẹ̀tì kọfí méjì yọ, ó tò wọ́n sórí tábìlì.

“Àbí ẹyọ kan ló ti kéré? Mo mọ̀ pé àwọn èèyàn ńlá lo ń bá ṣiṣẹ́ báyìí.”

Ó rẹ́rìn-ín, Ilpo ò rẹ́rìn-ín. Taisto jáde, kò sì gbé kọfí náà.

Pákẹ́ẹ̀tì méjèèjì yẹn ò jẹ́ kí Ilpo rójú oorun. Ó fọwọ́ sí i pé òun ti ṣíwọ́, ẹ̀rí iṣẹ́ sì jókòó sórí tábìlì òun. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù òkè: kọfí kún inú rẹ̀. Ti Alli, ti àwọn ọlọ́mọ tó ń lo pápá ìṣeré, ti Taisto. Ó mọ èyí tó jẹ́ ti olúkúlùkù. Ó dúró níwájú rẹ̀ títí ọbẹ̀ fi tutù. Ìgbà yẹn ni èrò kan wọ orí rẹ̀ tó sì dà bí ìtura: kọfí yìí ni wọ́n fi mú òun. Bí òun bá dá a padà, iṣẹ́ òwò ò sí níbẹ̀ rí. Ọ̀wẹ̀ lásán ló kù.

“Má ṣe bẹ́ẹ̀,” Marjut wí nígbà tó rí i tó ń kó wọn sínú àpótí.

“Ó máa mọ́ báyìí.”

“Kí ló máa mọ́? Ilpo, wo ojú mi. Bí ẹnì kan bá gbé kọfí mi padà wá bá mi, mi ò ní kí i mọ́ títí wọn ó fi sin mí.”

“Mi ò lè fi í sílé.”

Ó so àpótí náà mọ́ orí àga onírin tí wọ́n máa ń fẹsẹ̀ tì kó máa yọ̀ lórí yìnyín, ó ń tì í lọ láti ilé dé ilé. Èyí tí Marjut ti sè nínú rẹ̀, ó ti ra òmíràn dípò.

Alli, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, gba pákẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó wá ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i.

“Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?”

“Kò bàjẹ́, mà.”

“Ṣé irú èyí kọ́ lẹ̀ ń mu ni?”

“Òun là ń mu.”

“Kí ló wá dé?”

“Mi ò lè gbà á ni.”

Alli di pákẹ́ẹ̀tì náà mú mọ́ àyà. “Ọdún tí ọkọ mi kú, ìwọ lo gbá yìnyín kúrò lórí òrùlé mi. Mo wò ọ́ láti inú ilé. Ṣé o fẹ́ kí n máa jẹ ẹ́ ní gbèsè nìyẹn? Nígbà tí mo ti dàgbà báyìí, tí mi ò mọ ọjọ́ tí mo máa lọ?”

  Ilpo tẹ orí ba, ó sì ti àga rẹ̀ lọ.

Taisto ò tiẹ̀ na ọwọ́ gba tirẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀.

“Kí nìyí?”

“Kọfí rẹ ni.”

“Mo rí i pé kọfí ni. Mo ní kí nìyí?”

“Kò sí ohun tó o jẹ mí.”

“Ẹ̀n-ẹ́n.” Taisto mi orí. “Mo gbàgbé. O ti dé ibi tí wọ́n ti ń gbin kọfí. Tiwa ti di omi ìfọbọ́ lẹ́nu Ọ̀gá Olùdámọ̀ràn. Gbé e sílẹ̀ níbẹ̀. Kí o rọra máa lọ kí o má baà ṣubú, a ò ní agbára àtigbé ẹni ńlá dìde.”

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọdún Kérésì pé, Henriikka pè é. Ó fẹ́ mọ ohun kan péré, bóyá ó ti ṣíwọ́ lóòótọ́.

“Mo ti ṣíwọ́ pátápátá,” Ilpo wí. “Mo sì ti dá kọfí náà padà.”

 

“Gbogbo rẹ̀?” Henriikka béèrè.

“Láti ilé dé ilé.”

“Ilpo, mi ò ní kó o dá a padà.”

“O kọ ọ́ sílẹ̀.”

“Mo kọ ọ́ sílẹ̀ torí pé o sọ ọ́. Bàbá tó bí mi, ká ní ẹnì kan gbé kọfí rẹ̀ padà wá bá a…” Kò parí rẹ̀. Ó ní ó dáa, ó ní wọn yóò gbọ́ èsì lẹ́yìn ọdún tuntun, ó ní kí wọ́n ṣe Kérésì ire.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú Kérésì, gbogbo abúlé ló máa ń wẹ̀ ní sáúnà, àwọn obìnrin lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà àwọn ọkùnrin. Ilpo lọ. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ni wọ́n jókòó ní ìhòòhò lórí pákó gíga tí àwọn bàbá wọn kàn. Wọ́n sún fún un, wọ́n sún jù. Ìdí ẹni mẹ́ta lè jókòó sí àyè tó wà láàárín òun àti Taisto. Nígbà tí ó kàn án láti da omi sórí òkúta gbígbóná, Taisto na ìgbákọ náà kọjá lójú rẹ̀ sí ẹni tó wà lápá kejì. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, Ilpo ń gbọ́ pọ́ńpù náà láti ẹ̀yìn ògiri. Taisto ti tún un ṣe fúnra rẹ̀. Kò ké mọ́, ó ń gbin. Ìka Ilpo ń yí lórí itan rẹ̀, ó fi ọwọ́ kejì bò wọ́n.

Ọdún yí. Òtútù sì wá gbé ìlú náà. Ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìsinmi, ìwọ̀n òtútù ti kọjá ọgbọ̀n nísàlẹ̀ òdo, èéfín ilé gbogbo sì dúró gbọnrangandan lókè bí òpó.

Láti fèrèsé ilé ìdáná Ilpo, èèyàn lè rí ilé pọ́ńpù sáúnà lódìkejì omi tó ti di yìnyín. Iná pupa kékeré kan wà níbẹ̀. Bó bá ń tàn, wáyà tó ń mú páìpù móoru kí omi má baà dì nínú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán ọjọ́ náà, bí ojúmọ́ ti ń lọ, Ilpo wo ibẹ̀, kò rí iná. Ó nu fèrèsé. Ó pa iná ilé ìdáná kó lè ríran dáadáa. Kò sí iná níbẹ̀.

“Kí ni?” Marjut béèrè.

“Fíúsì wọn ti jó.”

Ó wọ bàtà. Ó bọ́ bàtà. Ó lọ sí yàrá, ó padà. Ó tún wọ bàtà.

“Lọ,” Marjut wí. “Mo bẹ̀ ẹ́, máa lọ.”

“Mo fọwọ́ sí i.”

“Ta ló ń ṣọ́ ẹ?”

“Èmi.”

“Àti pé èsì ò tíì dé,” Ilpo fi kún un, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. “Bí wọ́n bá bi mí, mi ò lè purọ́, Marjut. O mọ̀ pé mi ò lè purọ́. Tampere la máa bá ara wa.”

 Ilpo fóònù Taisto. Fóònù náà dún títí ó fi dákẹ́. Ó tún pè. Ẹnì kan pa á. Ìgbà tí kò lè fara dà á mọ́, ó jáde, ó gba orí omi dídì kọjá lọ sí ilé Taisto, nítorí pé kò sí òfin tó ní kí èèyàn má kan ilẹ̀kùn.

Taisto ṣí i díẹ̀. Ooru ilé rẹ̀ jáde bí èéfín.

“Iná ilé pọ́ńpù ti kú,” Ilpo wí.

“O rí i?”

“Mo rí i láti ilé.”

“O wá gba iwájú ilé pọ́ńpù kọjá wá síbí.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Kí ló dé tó ò tàn án? Ṣé wọ́n gé ọwọ́ rẹ ní Indonesia ni?”

Ilpo gbójú sá. Irun imú rẹ̀ ti dì. “Mi ò lè ṣe é. Taisto, má dúró dọ̀la. Ṣí omi kó máa kán díẹ̀díẹ̀, kí o wá lọ sí ibi fíúsì…”

“Ó tó.” Taisto gbé ọwọ́ sókè. “Má fi kún un. Ìmọ̀ràn lò ń tà yẹn. Bó o bá sọ ọ́ tán, a máa jẹ ẹ́ lówó, kọfí wa ò sì dùn lẹ́nu rẹ. Mo ti tún pọ́ńpù yẹn ṣe láìsí ìwọ. Mo máa lọ wò ó láàárọ̀.”

“Àárọ̀ ti pẹ́ jù.”

“Ó dàárọ̀ o.” Ó ti ilẹ̀kùn.

Ilpo dúró lórí àtẹ̀gùn. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù tí ó yẹ kó sọ: mo ń dúró de owó ìjọba, wọ́n ní kí n má fọwọ́ kan nǹkan. Taisto ì bá ṣí ilẹ̀kùn. Ì bá bú u, ì bá fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí dé ọdún Àjíǹde, ì bá sì lọ ṣí omi. Ilpo gbé ọwọ́ sókè láti kan ilẹ̀kùn, ó rí ọwọ́ náà nínú ìbọ̀wọ́, ó sì gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ó padà gba iwájú ilé pọ́ńpù kọjá. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ òkúta níbi tí òun fúnra rẹ̀ fi í sí. Ó dúró ti òkúta náà títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kú. Lẹ́yìn náà ó lọ sílé.

Kò sùn. Ó jókòó lójú fèrèsé tí kò sí iná níwájú rẹ̀.

Ní ọ̀sán Sátidé ló rí àwọn ọkùnrin tí wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà sáúnà pẹ̀lú aṣọ ìnura léjìká, tí wọn ò wọlé. Ó lọ bá wọn. Páìpù ti bẹ́ nínú ògiri. Omi ti ṣàn láti inú kànga gbogbo òru, ó kún ilẹ̀, ó wọ inú ààrò, ó dì níbẹ̀, ó sì fi agbára rẹ̀ ya ààrò bíríkì náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Pákó ilẹ̀ wú sókè. Wọ́n ń rí òkúta sáúnà nínú yìnyín bí ẹja nínú omi. Taisto jókòó sórí àtẹ̀gùn, òrùka kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó yá, ó gbójú sókè wo Ilpo. “Kí ló ṣe ẹ́ gan-an?” ó béèrè. Kò sí ẹ̀gún nínú ohùn rẹ̀ mọ́.

Ilpo sọ fún un nígbà náà. Ó sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn: ọ́fíìsì, owó aláìníṣẹ́, ìwé tó fọwọ́ sí, kọfí. Kò gba àkókò. Àwọn ọkùnrin náà gbọ́, wọ́n ń wo ilẹ̀. Ẹnì kan nínú wọn, tó ti bá wọn ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ pépà látìgbà èwe, tó sì ń gba owó kan náà láti ọdún méjì sẹ́yìn, bú sẹ́rìn-ín kúkúrú kan.

“Ìwọ òmùgọ̀ yìí,” Taisto wí jẹ́jẹ́. “Ìwọ òmùgọ̀ ọlọ́lá yìí.”

Ó dìde, ó gbé aṣọ ìnura rẹ̀, ó lọ sílé.

Èsì dé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n gbà pé Ilpo ti ṣíwọ́, wọn yóò sì san owó náà títí yóò fi dé ọdún ìfẹ̀yìntì. Marjut sunkún nígbà tó kà á. Wọn ò ta ilé.

Ẹgbẹ́ sáúnà ṣèpàdé lẹ́ẹ̀kan nígbà tí yìnyín yọ́. Ààrò tuntun kọjá agbára wọn, wọn ò sì rí ẹni tó lè ṣe ọ̀wẹ̀ rẹ̀, nítorí pé ẹni kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n ṣe kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Wọ́n kan pákó mọ́ ilẹ̀kùn náà. Alli kú ní oṣù Kẹrin, Ilpo sì gbọ́ láti ẹnu Marjut pé pákẹ́ẹ̀tì kọfí yẹn ṣì wà lórí fèrèsé rẹ̀ láìṣí.

Kuorelahti kò ní sáúnà mọ́, kò sì sí ẹni tó tún gbé kọfí wá sí ilé Ilpo Kärnä.